Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún ẹni tí oògùn ti di bárakú fún: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì?

Ọmọ_Ìlawẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀gá. Ìtọ́sọ́nà àti ìdámọ̀ràn ni mo kà ní yunifásítì, mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán, Adó-Èkìtì ni mo wà báyìí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yà sí ni ìdámọ̀ràn fún àwọn tí ọtí, igbó, tramadol àti irú wọn ti di bárakú fún. N kò fẹ́ ṣe ti ilé ìwé lásán.

Ṣé dandan ni kí n padà lọ gba oyè kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀kọ́ wo ló wà tí kò ní sọ pé kí n kó lọ sí Èkó tàbí Àbújá? Ibo ni mo ti lè fojú rí iṣẹ́ náà ní Èkìtì níbí? Kí sì ni àwọn tuntun máa ń ṣì ṣe jù? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ẹni tí kò bá mutí tàbí fagbó rí kò lè ṣe é. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á fún mi bí ẹ ṣe máa là á fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n_Ọyẹ́

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí láìnídìí. Kò pọn dandan kí ènìyàn ti mutí yó rí. Ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ bárakú wúlò gan-an, àyè tirẹ̀ wà, àní ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ wà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òun gbà jáwọ́ kọ́ ni gbogbo ayé yóò gbà. Bí kò bá mọ èyí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa fi wọn bàtà fún gbogbo oníbàtà.

Oyè kejì ńkọ́? Má tíì dààmú ara rẹ. Oyè àkọ́kọ́ nínú ìdámọ̀ràn, sàìkọ́lọ́jì tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó láti fi wọlé. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kàwé sí i, EKSU wà ní Adó, FUOYE wà ní Ọyẹ́, o ò ní láti di ẹrù rẹ.

Ohun tí ìwé rẹ kò kọ́ ọ ni bárakú fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ń gbà jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní UTC, tí àjọ Colombo Plan ṣe. Ìpele ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ apá mẹ́jọ: bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ àti nínú ara, bí ìtọ́jú ṣe ń lọ láti ọjọ́ tí ènìyàn wọlé títí dé ẹ̀yìn ìtọ́jú, àwọn àìsàn tó máa ń bá bárakú rìn, ọgbọ́n ìdámọ̀ràn, gbígba ènìyàn wọlé pẹ̀lú àyẹ̀wò àti ètò ìtọ́jú àti àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń so ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ àwọn ibi ìrànlọ́wọ́, ohun tí a ń ṣe bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì, àti ìlànà ìwà nídìí iṣẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ mélòó kan. Má ṣe fo ti àkọ́kọ́. Àwọn tó ka ìdámọ̀ràn bíi tìrẹ máa ń rò pé ti dókítà nìyẹn, wọ́n á sáré lọ sí ìkẹrin torí ibẹ̀ ló mọ́ wọn lójú. Ẹni tí kò mọ ohun tí tramadol ń ṣe nínú ọpọlọ kò lè mọ̀ ìgbà tí oníbàárà ń purọ́ yàtọ̀ sí ìgbà tí oògùn ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Láti mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ ẹgbẹ́ ISSUP. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn òṣìṣẹ́ ìlòkulò oògùn ni, ó ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, wọn kì í gba owó ìwọlé. Ibẹ̀ ni ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń jáde, èyí tí o lè fi fóònù ṣe láti Adó pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, ìdánwò wà tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ICAP. Ó ní ìpele 1, 2 àti 3. Wọ́n ń bèèrè ìwé, wákàtí iṣẹ́ àti wákàtí tí ẹnì kan fi ń wo iṣẹ́ rẹ, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Nítorí náà ra ìwé kékeré kan lónìí, kí o máa kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tí o ṣe àti ẹni tó wò ọ́ sínú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹni náà bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ tí wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀ mú jáde.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹni tí yóò máa wo iṣẹ́ rẹ. Tèmi ni pé òun ló ṣe pàtàkì ju ìwé ẹ̀rí lọ, òun náà ló sì ṣọ̀wọ́n jù ní Èkìtì. Ènìyàn lè ka apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kó má mọ̀ pé òun máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu oníbàárà. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ibi mẹ́ta ni kí o wò: ọ́fíìsì NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìdámọ̀ràn, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ní EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti EKSU, àti ti ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Má kọ lẹ́tà pé 'mo ń wá iṣẹ́'. Kọ ọ́ pé o fẹ́ jókòó wo iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí o dárúkọ ọjọ́ náà, kí o so ẹ̀dà ìwé oyè rẹ àti lẹ́tà ẹlẹ́rìí méjì mọ́ ọn, kí o sì fi kún un pé ìwọ yóò bu ọwọ́ lu ìwé ìpamọ́ àṣírí. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa ń jẹ́ kí ọ̀gá ka lẹ́tà dé ìsàlẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà ọ́, má kánjú. Kọ́kọ́ jókòó wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ máa ṣe é. Lẹ́yìn náà kí o ṣe é kí wọ́n máa wò ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ, kí o mú ọ̀ràn kan ṣoṣo wá, kí o sọ ohun tí o sọ gan-an, kì í ṣe ohun tí o ní lọ́kàn láti sọ. Bí oníbàárà bá fọwọ́ sí i, ẹ gba ohùn sílẹ̀. Ènìyàn kì í gbọ́ ìwàásù ara rẹ̀ títí tí wọn yóò fi tún un lù fún un.

Nọ́ọ̀sì_Àjílété

Ẹ̀gbọ́n Ọyẹ́ ti sọ ti ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀mí, torí gbólóhùn kan wà tí olùdámọ̀ràn tuntun máa ń fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ tó lè pa ènìyàn: 'Láti òní lọ, ẹ má fẹnu kan ọtí mọ́.'

Ẹni tó ń mu ògógóró láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ láti ọdún pípẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti bá ọtí mọ́ra. Bí ọtí bá dá lójijì, láàrin wákàtí 6 sí 24 ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, àyà á máa lù kìkì, oorun á dá lójú rẹ̀. Gìrì lè mú un láàrin wákàtí 6 sí 48. Láàrin ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó burú jù máa ń wọlé: kò ní mọ ibi tó wà mọ́, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná janjan. Ìyẹn ń pa ènìyàn. Nílé, wọ́n á ní ayé ló ń bá a jà, wọ́n á gbé e gòkè àdúrà, wákàtí tó yẹ kó lò lọ́wọ́ dókítà á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá ọtí dúró, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin. Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn? Bí ẹ bá jí tí ẹ kò tíì mu, ṣé ọwọ́ máa ń gbọ̀n? Ṣé ìgbà kan wà tí ẹ dá a dúró tí gìrì mú yín tàbí tí iyè yín ṣí? Kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn? Bí ó bá ní 'bẹ́ẹ̀ ni' sí ìkejì tàbí ìkẹta, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà. Kó tó dé ibẹ̀, ẹ má ní kó dá a dúró.

Bákan náà ni diazepam, lexotan, àti Rohypnol tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní refnol. Dídá wọn dúró lójijì lẹ́yìn ìlò pípẹ́ ń fa gìrì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń bù wọ́n kù.

Ti tramadol lójú méjì. Lílò rẹ̀ gan-an ló ń fa gìrì. Lọ́wọ́ dókítà, àgbàlagbà kì í gbà ju miligíráàmù 400 lọ láàrin ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n hóró kan péré nígboro lè jẹ́ 200 tàbí 225. Ẹni tó bá gbé méjì mì ti dé ẹnu ààlà tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Bí ó bá tún pa á pọ̀ mọ́ ọtí, mímí rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí tí yóò fi dá. Lójú kejì, bí ó bá jáwọ́, ara á máa ro ó, á máa yàgbẹ́ gbuuru, á máa yán, imú á máa ṣomi, fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ìyẹn kì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le, bí omi kò bá gbẹ lára rẹ̀. Ewu ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù kan, ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bí ó bá padà lọ lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè sùn kó má jí. Ẹ sọ èyí fún un kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kódà bí ó bá ń búra pé òun kò ní padà.

Igbó rọrùn jù nínú gbogbo wọn láti jáwọ́ níti ara: inú bíbí, àìróorunsùn, àìlèjẹun, ó máa ń le jù láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ni.

Ohun kan tó kù. Àwọn ará ilé fẹ́ràn kí wọ́n pe ẹni tó ń fa omi síni lára wá sílé 'kó fi fọ ọtí náà dànù'. Ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá fa omi ṣúgà sára ẹni tó ti ń mutí tipẹ́ tí kì í jẹun dáadáa, láìkọ́kọ́ fún un ní fítámì B1, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ NDLEA, 080010203040, sórí ògiri. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru.

Ọmọ_Ìlawẹ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rin yẹn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá fà wá, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní kò sóhun tó ń ṣe òun, báwo ni ènìyàn ṣe ń bá a sọ̀rọ̀? Tó bá tún wá jẹ́ àgbàlagbà?

Jẹ́jẹ́_lejò_ń_gùn

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ fún èyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Motivational Interviewing, tí onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì William Miller bẹ̀rẹ̀ ní 1983, tí òun àti Stephen Rollnick jọ mú gbòòrò. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lo oògùn ti ní ohùn méjì nínú ara rẹ̀, ọ̀kan ní kó jáwọ́, ọ̀kan ní kó máa lò ó. Bí o bá gba ti àkọ́kọ́ sọ, èkejì nìkan ló kù fún un láti sọ.

Wo àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin kan ní, 'Igbó kò ṣe mí ní nǹkan kan. Màmá mi ló kàn ń yọ ara wọn lẹ́nu.' Tuntun á dáhùn pé, 'Ṣé o kò rí i pé o ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni?' Ọmọ náà á gbèjà igbó. Bó ṣe ń gbèjà rẹ̀ tó ló ṣe ń dá a lójú sí i tó. Ìwọ sọ pé, 'Lójú tìrẹ, kò sí wàhálà kankan. Ọkàn màmá tí kò balẹ̀ ló ń dùn ọ́.' O kò gbà fún un pé igbó dára, o kò sì bá a jà. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni: 'Kì í ṣe pé kò sí wàhálà rárá o…' Dákẹ́ níbẹ̀. Jẹ́ kó parí ẹ̀.

Bí o bá bi í ní ìbéèrè kan, dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un lẹ́ẹ̀mejì kí o tó bi òmíràn. Bí o bá rí i pé ìbéèrè rẹ ti tò tẹ̀lé ara wọn bíi ti ọlọ́pàá, o ti ṣìnà. Ṣọ́ra fún 'kí ló dé tí o fi…' Nínú èdè wa, ìbáwí ni gbólóhùn yẹn, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bá ọmọ wí. Sọ pé, 'Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kí o tó ra á?'

Ìbéèrè kan tó ń ṣiṣẹ́: láti 0 dé 10, báwo ni jíjáwọ́ ṣe jẹ ọ́ lógún tó? Bí ó bá ní 3, má bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 8. Bi í pé kí ló mú kó jẹ́ 3 tí kì í ṣe 0. Ti àkọ́kọ́ á mú kó ka ìdí tí kò fi ní jáwọ́ fún ọ. Ti èkejì á mú kó fẹnu ara rẹ̀ ka ìdí tó fi yẹ kó jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ òwe wá. Mo mọ̀ pé ẹnu Èkìtì kì í gbófo, ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn tó ń da òwe sílẹ̀ ń dájọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí òwe bá ti bọ́ sí, àgbà ti parí rẹ̀ nìyẹn, ọmọdé kì í tún un sọ mọ́. Fi òwe sílẹ̀ fún oníbàárà. Bí òun bá pa ọ̀kan, tẹ̀ lé e lọ: 'Nínú òwe yẹn, èwo ni ìwọ?' Ohun tí yóò jáde máa yà ọ́ lẹ́nu.

Ní ti àgbàlagbà, má ṣe díbọ́n pé ọjọ́ orí kò sí láàrin yín. Òun á ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, 'Ṣé ọmọ yìí ló fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn?' Bá a sọ ọ́ síta: 'Bàbá, ẹ ti rí ayé jù mí lọ. N kò wá kọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kàn bi yín léèrè nǹkan méjì nípa ara yín, bí ẹ bá fẹ́ ẹ dáhùn, bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ sọ fún mi.' Gba àṣẹ kí o tó bèèrè, tún gba àṣẹ kí o tó ṣàlàyé: 'Ṣé kí n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọtí àti ẹ̀jẹ̀ ríru?' Àgbà tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní 'máa wí' yóò gbọ́. Má jókòó sórí àga tó ga ju tirẹ̀ lọ, má sì fi tábìlì sáàrin. Bí ó bá ń sọ Èkìtì, jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ará Ọ̀tùn àti ará Ìkẹ̀rẹ́ kò tilẹ̀ fọ̀ bákan náà, ibi tí kò bá yé ọ bèèrè, wọn kì í bínú sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wọn yé.

Ọjọ́ tí ó bá wá ní òun fẹ́ jáwọ́ lóòótọ́ ni ẹ tó ń ṣètò, ètò náà sì gbọ́dọ̀ kéré. Ta ni, níbo, ìgbà wo, owó wo. Ẹlòmíràn, ọ̀nà gáréèjì níbi tí wọ́n ti ń ta páraga ló ń mú un; ẹlòmíràn, ọjọ́ tí owó bá wọlé; ẹlòmíràn, òde Sátidé. Nígbà tí ọ̀fun bá ń dá a tòlótòló, ìyẹn á gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀. Kì í sábà pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ bí kò bá bọ́ ọ. Nítorí náà ẹ jọ kọ ohun mẹ́ta tí yóò ṣe fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò pè. 'Màá gbìyànjú' kì í ṣe ètò. Kó tún máa yẹ ara rẹ̀ wò: ṣé ebi ni, ìbínú ni, ìdánìkanwà ni, àbí àárẹ̀? Mẹ́rin yìí ló ń da púpọ̀ padà sídìí rẹ̀.

Bí ó bá padà, má bá a ṣọ̀fọ̀. Bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni ihò tó wà nínú ètò yín.

Ìyá_Ẹ̀fọ̀n

Gbogbo yín ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fo ìwé àyẹ̀wò, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe jù nínú ìwé àwọn tuntun.

ASSIST, ìwé ìbéèrè àjọ ìlera àgbáyé tí a fi ń wọn ewu ìlò ọtí, tábà àti oògùn, ìbéèrè mẹ́jọ ni. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Wọn kì í ro ti ọtí mọ́ ti igbó mọ́ ti tábà kó di ẹyọ kan. Ìbéèrè 2 sí 7 ni ẹ ń rò pọ̀. Ti tábà, ẹ yọ ìbéèrè 5 kúrò. Ìbéèrè 8, ti abẹ́rẹ́, kò sí nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fò ó. Nínú ìbéèrè 6 àti 7, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jẹ́ 6, èyí tó ti ṣáájú ìyẹn jẹ́ 3. Wọ́n máa ń yí i po. Èyí tó burú jù: wọ́n ń fi òdiwọ̀n kan náà wọn ọtí àti oògùn. Fún ọtí, 0 sí 10, ewu kéré, 11 sí 26, ó wà láàrin. Fún ìyókù, 0 sí 3 kéré, 4 sí 26 wà láàrin. 27 sókè ga fún gbogbo wọn. Ọmọ tó gba 8 lórí igbó tí ẹ bá kọ 'ó kéré' sí, ẹ ti lé e lọ nìyẹn.

AUDIT jẹ́ ti ọtí nìkan, ìbéèrè mẹ́wàá. 8 sókè ń fi ewu hàn, 20 sókè ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà. Wàhálà ibẹ̀ ni 'ife mélòó'. Ife tí ìwé náà ń sọ ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ọtí gidi nínú. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ́ntílítà 60, tó bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ó ju ife méjì lọ dáadáa. Nítorí náà 'ìgò méjì péré' ti sún mọ́ ife márùn-ún. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan, mílílítà 30 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40, tó bí ife kan. Ògógóró àti ẹmu kò ní òdiwọ̀n: ẹmu òwúrọ̀ kì í le bí ti ìrọ̀lẹ́, ògógóró sì wà lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Ẹ bèèrè ohun tó fi ń mu, ẹ ní kó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ṣe ń kún tó, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má méfò.

Ẹ tún ka ìbéèrè náà bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ kún un pé, 'O kì í mutí jù, àbí?' ti dáhùn fún un.

Ọmọ_Ìlawẹ̀

Mo dúpẹ́ mà. Ó ku méjì: Adó kò tóbi, bí mo bá pàdé oníbàárà lọ́jà ńkọ́? Ṣé owó sì wà nídìí rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ọyẹ́

Owó: àyè iṣẹ́ ìjọba kéré, má fi ọ̀la kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ń fi iṣẹ́ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn gbé e ró. Iṣẹ́ ni kò wọ́n. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ìdá 14.4 nínú 100 àwọn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn láàrin ọdún kan, ọtí kò sí nínú rẹ̀. Ti Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn tiwa jẹ́ 22.4. Nínú ẹni márùn-ún tó lò ó, ọ̀kan ló ti bọ́ sínú wàhálà. Bí ilé ìtọ́jú kan bá pè ọ́ pẹ̀lú owó tó dára, kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ilé. Bí ẹ̀wọ̀n bá wà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, máa lọ sílé. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti gba ipò òfin 1958, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Ìwọ tí o jókòó ti ẹlẹ́wọ̀n tí ò ń 'dá a lámọ̀ràn' ti di ara wọn.

Ti ọjà: ẹ ti máa bá ara yín sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí o bá sá fún àgbàlagbà l'Ọjà Ọba láìkí i, àwọn ènìyàn á bèèrè ìdí; bí o bá bi í pé 'ara ńkọ́, sà?', ẹni tó bá wọn rìn á bèèrè ibi tí ẹ ti mọra. Sọ fún un pé: 'Bí a bá pàdé, n ó kí yín bí mo ṣe ń kí gbogbo ènìyàn, n ó sì kọjá.' Ará ilé tó ń san owó á tún fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ. Láìsí ìwé tí oníbàárà bu ọwọ́ lù, ọjọ́ tó wá nìkan ni wọ́n lè gbọ́, bí òun bá gbà. Ohun tó lè tú àṣírí: bí ó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Òun náà gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ìwọ̀nyí lẹ́nu rẹ kó tó la ẹnu tirẹ̀.

Nínú ìwé rẹ, nọ́ńbà ni kí o kọ, má kọ orúkọ. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà nínú àpótí mìíràn tó ní àgádágodo. Kọ ohun tó sọ àti ohun tí o rí, kí o tó kọ èrò rẹ, kí o tó kọ ohun tó kàn. Má kọ pé 'ó ti ń ya wèrè'. Kọ pé 'ó ní òun ń gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì lóru, láti ọjọ́ mẹ́ta'. Kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, má jẹ́ kó di ọ̀la.